Fìlà Orí Ọwọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ní Tudun Wada ní Jos, bí ẹ́ńjìnnì dísù bá ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ Adégbìtẹ́ ni. Mai Kunne ni àwọn awakọ̀ ń pè é, ìyẹn Elétí ní èdè Hausa, nítorí ọkùnrin yìí kì í tú ẹ́ńjìnnì kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Á ní kí wọ́n ṣíná sí i, á fi ẹnu sukurudiráfà gígùn kan kan ara irin, á fi ìdí rẹ̀ ti ihò etí, á wá dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á ní, "Nọ́sù kẹta ni. Kò tu dísù dáadáa." Wọ́n á tú u, nọ́sù kẹta náà ni. Ogójì ọdún ló fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń ti Bauchi gbé ẹ́ńjìnnì wá bá a.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀: etí yẹn ti di. Ó ti lé lọ́dún méjì. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún gbé etí lé dísù, kó má retí pé etí náà máa bá òun dọ́jọ́ alẹ́. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin, lẹ́yìn náà gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n Adégbìtẹ́ gbọ́n. Dípò kó fi ìdí sukurudiráfà ti etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín há a. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ á gbé e wọ egungun orí, á sì mọ nọ́sù tó ń ṣe wèrè. Àwọn oníbàárà rò pé àṣà tuntun ọ̀gá ni.

Èyí tó kù, Ojúọlápé ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a tún un ṣe. Ojúọlápé ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, á yíjú sí ọkọ rẹ̀, á lọgun: "Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ó ń tú èéfín dúdú? Ẹ ní láti àná?" Adégbìtẹ́ á wo ẹnu rẹ̀, á mi orí. Gbogbo àdúgbò gbà pé ìyàwó Mai Kunne ti dití, wọ́n tilẹ̀ ń bá ọkọ rẹ̀ kẹ́dùn. Obìnrin náà gba orúkọ náà, ó fi bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí. Bí wọn kò bá pe èyí ní ìfẹ́, èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Nítorí kí ló kù lọ́wọ́ Elétí tí kò létí mọ́? Ta ló máa gbé ẹ́ńjìnnì wá fún un? Ẹ̀rù yìí ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ìdùnnú, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Ìdùnnú nìkan ló kù ní Jos. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, Nasarawa Gwong ló ń gbé, iṣẹ́ sólà ló ń ṣe, orí òrùlé onílé ló ń gùn kiri. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ òun àti bàbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gún. Lójú rẹ̀, bàbá náà kò ka iṣẹ́ iná sí iṣẹ́. Bó bá ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, "Ẹ̀n-ẹ́n" nìkan ni bàbá máa ń dá a lóhùn, bí ẹni tí ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nínú oṣù kọkànlá ni Lucy gbé ọ̀ràn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ dé.

Ẹni tó bá mọ Jos mọ̀ pé kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń wa tánńganran gbẹ́ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi di kòtò, òjò rọ̀ sí kòtò, kòtò di adágún. Ọ̀kan wà lọ́nà Kuru tó fẹ̀ débi pé wọ́n kan ọkọ̀ onígbòkun kan sórí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé wọn ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ wọn, ọmọ Berom kan. Ọlọ́dẹ yẹn ni bàbá Lucy. Lucy ń fi ọkọ̀ náà kó kábéèjì àti ọ̀dùnkún òyìnbó láti oko òdì kejì wá síbi tí lọ́rì ń dúró sí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ìgbòkun á ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, ẹ́ńjìnnì dísù kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, Adégbìtẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnnì náà ti wá darúgbó, ó ń yọ ọ́ìlì bí ọmọ tó ń da itọ́. Ọ́ìlì náà ń tàn lórí omi, omi yẹn náà sì ni àwọn àgbẹ̀ ń fà sí oko. Kábéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn àgbà ibẹ̀ jókòó, wọ́n ní bí Kérésìmesì bá ti dé, dísù ò gbọdọ̀ kan omi yẹn mọ́.

"Baba, sannu da aiki," Lucy kí i kú iṣẹ́. Òun àti Ìdùnnú, tó ti lọ bá pé kó bá òun fi iná rọ́pò dísù, ni wọ́n jọ wá. Ojúọlápé sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ sọ bó ṣe máa ń ṣe. Ìdùnnú ní òun ti rí mọ́tò iná kan yọ lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná tó forí sọgi, òun sì ní bátìrì sólà tó máa gbé e. Ohun tí òun kò mọ̀ ni ọ̀pá irin tó gba inú ikùn ọkọ̀ lọ sídìí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi. Bí mọ́tò tuntun bá wọ́ díẹ̀ sí ọ̀pá yẹn, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ọkọ̀ á rì.

"Kò sẹ́ni tó mọ ikùn ọkọ̀ yìí bí kò ṣe ẹ̀yin, Bàbá," Ìdùnnú sọ.

Adégbìtẹ́ béèrè ohun kan ṣoṣo. "Mọ́tò iná yìí, ṣé ó máa ń pariwo?"

"Rárá o. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Inú ọkùnrin náà dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́! Ta ló máa wá bi í níbẹ̀ pé kí lo gbọ́? Ojú ẹsẹ̀ ló gbà.

Wọ́n ṣiṣẹ́ náà fún oṣù kan. Ọyẹ́ ti dé, òtútù Jos sì ń ge èèyàn létí, kálukú dé fìlà òwú rẹ̀ mọ́ etí. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó náà, wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ikùn ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n to bátìrì sí ibi tí táńkì dísù wà tẹ́lẹ̀. Adégbìtẹ́ gé pákó, ó tẹ́ ibùsùn fún mọ́tò tuntun, ó ń fi ìka wọn àlàfo tí ojú kò lè rí. Ìdùnnú ń wò ó, kò sì lè má yà á lẹ́nu bí ọwọ́ àgbà ṣe ń rí nínú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ ni bàbá náà ń sọ ṣáá lásìkò yìí. Ó ti rí i pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ sọ kò ní í gbọ́ tẹlòmíràn. Ìtàn Akínjídé, bàbá tirẹ̀, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Akínjídé ti Ìkìrun wá sí Jos, ilé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nílé ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ tún nǹkan ṣe, fìlà orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí, á gbé e kọ́ orí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin tí awakọ̀ ń tì kí ọkọ̀ lè gbéra. Bí fìlà bá wà níbẹ̀, ọ̀gá àgbà òyìnbó pàápàá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó gbé fìlà kọ́ ló ń wá mú un fúnra rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin kì í ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù?" Ìdùnnú béèrè. Bàbá kò gbọ́, àmọ́ ìtàn náà gbé òun fúnra rẹ̀ débẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Èmi ò bá wọn gbé fìlà kọ́," ó ní. "Dísù kì í dákẹ́. Bó bá wà láàyè, wàá mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ̀n, ó ti kú." Òfin tó fi ogójì ọdún jẹun nìyẹn, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kérésìmesì dé ni wọ́n dán an wò. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́ òpó létí omi. Mọ́tò yí, ọkọ̀ fa okùn rẹ̀, Lucy pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni koríko omi wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin nísàlẹ̀. Ìdùnnú bọ́ sínú omi tó dé e láyà láti lọ tú u. Kó tó tẹ̀ ba, ó yíjú sí bàbá rẹ̀: "Bàbá, ṣé ó ti kú?"

Adégbìtẹ́ rí ẹnu rẹ̀, ó yé e. Ó ti ọwọ́ mọ́tò náà sí àárín, níbi tí kì í ti í yí, ó gbé ẹnu sukurudiráfà lé mọ́tò lórí, ó fi eyín há ìdí rẹ̀. Kò gbọ̀n. Kò tilẹ̀ mì. "Ó ti kú pátápátá," ó dáhùn.

Kò kú o. Mọ́tò iná kì í gbọ̀n bó bá dúró, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti sùn. Súìṣì ńlá bátìrì ṣì wà ní ṣíṣí. Bàbá yí ẹ̀yìn padà láti ká okùn, itan rẹ̀ gbá ọwọ́ mọ́tò náà díẹ̀, abẹ̀bẹ̀ irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí nísàlẹ̀ omi láìfọhùn.

Ìdùnnú kígbe. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kejì, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń pe, "Bàbá! Bàbá, ẹ pa á!" Bàbá ń ká okùn. Ó ń ká a dáadáa, ó ń tò ó lé ara wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Lucy tó ń to kábéèjì sínú agbọ̀n létí omi fi igbe ta: "Kai, Baba! Baba!" Kò wẹ̀yìn. Ìgbà tí Lucy rí i pé igbe kò ràn án, ó gbé odindi kábéèjì kan, ó sì sọ ọ́ mọ́ ọn láàárín ẹ̀yìn.

Ìbínú ló fi yíjú padà. "Ta ni aláìlójútì yẹn?" Ó wá rí ọwọ́ Lucy tó nà sínú omi, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó rí omi tó ń pọ́n. Mi ò mọ bí ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ṣe fò dé ìdí súìṣì yẹn, tó sì bọ́ sínú omi gbé ọmọ rẹ̀ jáde.

Ṣòkòtò jíǹsì ló gba Ìdùnnú là. Abẹ̀bẹ̀ irin náà ká aṣọ mọ́ra kó tó kan ẹran ara, ojúgun rẹ̀ ló ya, wọ́n sì rán an lójú mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Kuru. Bàbá rẹ̀ jókòó ti ibùsùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo pè yín," Ìdùnnú sọ.

Ó ń wo ilẹ̀. Ìdùnnú fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, ó sì tún un sọ.

"Afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn rẹ lọ," bàbá náà bẹ̀rẹ̀.

"Haba, Bàbá! Kò sáfẹ́fẹ́ lónìí. Ìgbòkun ò tilẹ̀ mì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Adégbìtẹ́ kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi bá a. Ó wá sọ ọ́. "Etí mi ti lọ, Ìdùnnú. Mi ò gbọ́ràn mọ́. Màmá rẹ ló ń bá mi gbọ́."

Ẹkún ni ọmọ náà bú sí, kì í sì í ṣe nítorí ẹsẹ̀. "Gbogbo oṣù tí mo fi ń ṣàlàyé bátìrì fún yín! Tí ẹ ń ṣe 'ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n'! Mo rò pé ẹ ò ka iṣẹ́ mi sí ni. Mo ti ń bínú yín látọdún èṣín!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá náà ju odindi ọgbẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ lọ. Ó ti rò pé òun ń dáàbò bo orúkọ òun ni. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ni òun ń fi ṣòfò. Òun náà sunkún níbẹ̀, níṣojú nọ́ọ̀sì, kò sì nu ojú.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó kó sukurudiráfà gígùn náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ojúọlápé bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kọkànlá, Ìdùnnú tiro wọlé, ó fa àga, ó jókòó sí i níwájú kí ojú wọn lè ko ojú.

"Ẹ wo ẹnu mi dáadáa, Bàbá. Mọ́tò yẹn ò tíì parí. Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí Kérésìmesì dé, Lucy sì ń fọwọ́ lẹ́rán."

"Mo fẹ́ẹ̀ pa ẹ́, ọmọ mi. O ní kí adití padà lọ jókòó ti ẹ́ńjìnnì?"

"Kí ló dé tí ẹ̀yin kì í gbé fìlà kọ́ bí i ti Bàbá Àgbà?"

"Mo ti sọ fún ẹ. Dísù máa ń sọ̀rọ̀."

"Èyí kì í sọ̀rọ̀," Ìdùnnú sọ. "Kì í bá yín sọ ọ́, kì í bá èmi náà sọ ọ́. Lucy létí, kò gbọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èmi létí, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi, mi ò gbọ́. Kì í ṣe etí yín nìkan ló gé mi lẹ́sẹ̀. Fìlà ni a kò gbé kọ́."

Adégbìtẹ́ wo ẹnu rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi parí. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba, ó sì fa sukurudiráfà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ méjì ṣáájú Kérésìmesì, èrò pé létí adágún náà, lápá ibi tí oko wà. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ lọ́rì wà níbẹ̀, bàbá àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Kaka wà níbẹ̀, òun ló ṣáájú àwọn àgbà tó ṣe òfin pé kí dísù kúrò lórí omi. Adégbìtẹ́ dìde dúró nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé òfin fìlà fún Lucy ní Hausa, sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Kò sì dúró síbẹ̀. "Ba na ji," ó ní. "Mi ò gbọ́ràn mọ́. Ó ti pé ọdún méjì. Ìyàwó mi kò dití, èmi ni adití. Bí fìlà bá ti wà níbẹ̀, ojú mi ló máa gbọ́ fún mi."

Awakọ̀ lọ́rì kan tó ti gbé ẹ́ńjìnnì wá fún un nígbà méje ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó rìn wá sétí omi kí ọ̀gá lè rí ẹnu rẹ̀, ó ní, "Mai Kunne, ṣé eyín yẹn ṣì wà?" Adégbìtẹ́ fi eyín hàn án. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, oníbàárà méjì kò padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àwọn tó kù ń wá síbẹ̀ títí di òní, wọ́n kàn ti kọ́ láti máa dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ìdùnnú ní kí òun yẹ abẹ̀bẹ̀ irin náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ omi nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ̀. Ó ṣí fìlà òwú pupa orí rẹ̀, ó gbé e kọ́ orí ọwọ́ mọ́tò, ó sì bọ́ sínú omi tútù náà. Bàbá rẹ̀ pa súìṣì ńlá. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó tẹjú mọ́ fìlà náà.

Ó pẹ́ díẹ̀. Òtútù ń mú èrò, kábéèjì ti kún inú ọkọ̀. Lucy ṣẹ́wọ́ sí i pé kó máa múra. Kaka fúnra rẹ̀, tó ti jókòó sínú ọkọ̀, fi ọ̀pá kàn án ní èjìká pé kí ló ń dá wọn dúró. Adégbìtẹ́ na ìka sí fìlà pupa náà, kò yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Ìdùnnú jáde nínú omi, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn nítorí òtútù. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó gun ọkọ̀. Ó mú fìlà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì dé e.

Ìgbà yẹn ni Adégbìtẹ́ ṣí súìṣì, ó rọra ti ọwọ́ mọ́tò síwájú. Kaka na ọrùn, ó fi ọwọ́ ká etí rẹ̀, ó ń retí ariwo. Àwọn àgbẹ̀ náà na ọrùn. Kò sí nǹkan kan. Òpó tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ ti wà lẹ́yìn wọn, ìgbòkun ká jọ, kábéèjì ń lọ lórí omi.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o!" Kaka lọgun, ẹ̀rù ń bà á.

Adégbìtẹ́ rí ẹnu rẹ̀. "Èmi náà ò gbọ́, Kaka," ó dáhùn, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé òdì kejì.